Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ mi ti kún: ṣé kí n sọ ọ́ di ilé-ìwé ni, àbí kí n dá òmíràn sílẹ̀?

Ìyá Aránṣọ, Dutse Alhaji

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abuja àti òkè Ọya lápapọ̀. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Aránṣọ ni mí, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ó di ọdún kọkànlá tí mo ti ń gbé Dutse Alhaji, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bwari. Aṣọ ilé-ìwé ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń rán; láti oṣù kẹjọ títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, a kì í sùn dáadáa. Ìdí aṣọ ilé-ìwé yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tó ń kiri kunu máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, á sọ ike rẹ̀ kalẹ̀, á sì máa fọwọ́ tọ́ àwọn aṣọ tí mo gbé kọ́. Lọ́jọ́ kan mo fi èdè Hausa bi í pé ilé-ìwé wo ló ń lọ. Ó ní òun ò lọ rí. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Kò mọ̀. Mo fojú díwọ̀n rẹ̀ sí mẹ́wàá. Mo mú ẹfun tí mo fi ń sàmì sára aṣọ, mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí àgékù aṣọ dúdú kan, mo ní, "Ìwọ rèé." Ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n fún òun ní àgékù aṣọ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú àbúrò rẹ̀ wá, ó ní kí n kọ tiẹ̀ náà.

Àwọn méjì yẹn ló di 41 lónìí.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ìgbà yẹn ni kunu ti tán, àwọn tó ń sun iṣu àti àgbàdo lálẹ́ kò sì tíì dáná. Aago márùn-ún ààbọ̀ la ń tú ká. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ Ẹtì kò ṣeé ṣe nítorí Jímọ̀, ọjọ́ Sátidé sì ni ọjà wọn máa ń tà jù. Nígbà kan mo gbé e sí aago méjì ọ̀sán kí èmi náà lè tètè padà sídìí ẹ̀rọ mi. Ọmọ márùn-ún péré ló wá. Mo dá a padà sí mẹ́rin, bẹ́ǹṣì kún. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló bá wa na páànù jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, àgékù pákó tó kó wá láti Deidei ló sì fi kan bẹ́ǹṣì. Owó ìṣó nìkan ló gbà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Èmi ni mò ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Téèpù tí mo fi ń wọn èèyàn ni ìwé ìṣirò wa: 60 ínṣì ní ojú kan, 150 sẹ̀ǹtímítà ní ojú kejì. Wọ́n á wọn apá ara wọn, wọ́n á wọn èjìká, wọ́n á wọn bí bẹ́ǹṣì ṣe gùn tó, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Lórí téèpù ni wọ́n ti mọ ìdajì àti ìdá mẹ́rin. Ẹ má sì gbàgbé pé ọmọ tó ń ta ọjà ti mọ ìṣirò tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fún un ní ₦500 pé kó bu kunu ₦150, ẹ ò tíì gbé ife sẹ́nu tó ti ka ṣéńjì lé yín lọ́wọ́. Kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni kò mọ̀.

Ọmọbìnrin Gbagyi kan tó ti gba NCE, tó ń retí iṣẹ́, ló ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, Hausa lákọ̀ọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. ₦25,000 ni mò ń fún un lóṣù, látinú owó aṣọ. Mẹ́sàn-án nínú àwọn ọmọ náà wá láti ilé kéwú tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí mállàm wọn kó tó gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta ló wá là á mọ́lẹ̀, ó bi mí bóyá mi ò ní sọ àwọn ọmọ òun di ẹlẹ́sìn mìíràn. Mo ní kó wá jókòó tì wá. Ó wá, ó jókòó ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní báyìí, bí ọ̀kan nínú wọn bá pẹ́ é dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń lé e wá.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni pé àyè ò gbà wá mọ́, òjò sì ń kan àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ilẹ̀ kan lọ́nà Bwari, ó sì ṣetán láti fi í sílẹ̀ fún mi, bí mo bá lè sọ ọ́ di ilé-ìwé aládàáni tòótọ́: yúnífọ́ọ̀mù, owó ilé-ìwé, bọ́ọ̀sì, gbogbo ẹ̀. Èèyàn rere ni, ire ló ń rò fún mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí mò ń sọ yìí ò lè san owó ilé-ìwé, ibẹ̀ sì jìn. Ọmọ tó bá ní láti wọ kèké kó tó dé kíláàsì, kò ní wá.

Èkejì ló dùn mí jù. Lóṣù tó kọjá, mo mú méjì nínú wọn lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan, ọmọbìnrin oníkunu yẹn àti ọmọkùnrin kan, pé kí wọ́n gbà wọ́n sí Primary 4. Mo ti fi ìwé ọmọ tèmi dán wọn wò nílé. Ọ̀gá ilé-ìwé kò bi àwọn ọmọ náà ní ìbéèrè kankan. Ó ní níbo ni ìwé èsì Primary 3 wọn wà, níbo ni ìwé ìbí wọn wà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé fún wọn kí wọ́n kà á sétí yín." Ó ní lẹ́sìnnì iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kì í ṣe ilé-ìwé. Ọmọbìnrin yẹn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́. Mò ń rí i tó ń kiri. Tó bá ti kù díẹ̀ kó kan ṣọ́ọ̀bù mi, á sọdá sí òdì kejì títì.

Ẹ bá mi dá sí i. Kí ni kí n ṣe sí kíláàsì tó kún yìí? Báwo ni ọmọ ṣe ń ti irú ibi báyìí wọ ilé-ìwé gangan? Báwo ni mo sì ṣe máa rí owó tíṣà san tí ọjà aṣọ bá dẹ̀?

Òṣìṣẹ́ Ẹ̀kọ́ Àgbà, Kaduna

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Láti 2006 ni mo ti wà nídìí ẹ̀kọ́ àgbà àti mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé yẹn ṣáájú, torí pé kò bá òfin mu.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní UBE, kò sọ pé ọdún mẹ́sàn-án inú ilé-ìwé nìkan ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ nínú òfin náà, wọ́n ka mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà àgbà mọ́ ọn, wọ́n ka ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti inú ilé-ìwé mọ́ ọn, wọ́n ka kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ọn, àti ẹ̀kọ́ àwọn darandaran, ọmọbìnrin, almajiri, ọmọ ojú títì àti àwọn aláàbọ̀ ara. Ìyẹn ni pé kíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù yín wà nínú òfin Nàìjíríà. Owó ni kò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ ni òfin yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè fa ìpín rẹ̀ jáde. Bó bá jáde tán, ilé kíkọ́ àti àga ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí, nítorí pé ilé ṣeé fi ọwọ́ tọ́ka sí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ lábẹ́ páànù kò ṣeé ṣí aṣọ lójú rẹ̀ bí ilé tuntun.

Àjọ tó ń bójú tó irú ẹ̀kọ́ yín ni NMEC. Òfin 1990 ló dá a sílẹ̀, ọdún kan náà tí àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Jomtien, ní Thailand, tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀kọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tirẹ̀, Abuja náà ní. Ẹ lọ fi orúkọ kíláàsì yín sílẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ẹ̀kọ́. Ẹ má torí owó lọ o. Torí ìwé ni kí ẹ ṣe lọ: ibùdó tó bá ti forúkọ sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ṣe ìdánwò, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí tí ọ̀gá ilé-ìwé kankan kò lè tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè Accelerated Basic Education Programme. Ọmọ ọdún 10 sí 18 tí kò lọ ilé-ìwé rí, tàbí tó lọ tó fi í sílẹ̀, ni wọ́n ṣe é fún. Ìpele mẹ́ta ni: ti àkọ́kọ́ dúró fún Primary 1 sí 3, èkejì fún Primary 4 sí 6, ẹ̀kẹta fún JSS 1 sí 3. Ọdún mẹ́sàn-án wá di mẹ́ta. NERDC, àjọ ìwádìí ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Sheda, lójú ọ̀nà Lokoja, ló ṣètò ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ tó ti lé ní ọdún 12 kò yẹ kó jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Ojú á tì í, á sì sá. Tìtorí èyí ni wọ́n fi ṣe é.

Bí ẹ bá tún ń lọ sí ilé-ìwé, ẹ má dá lọ. Gbogbo ilé-ìwé ìjọba ló yẹ kó ní ìgbìmọ̀ àwọn òbí àti ará àdúgbò, SBMC ni wọ́n ń pè é. Ẹ wá alága rẹ̀ rí. Ẹ lọ kí Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Kí ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìdánwò ìgbaniwọlé, kí wọ́n fi wọ́n sí kíláàsì tí ìdánwò bá gbé wọn sí. Ní ti ìwé ìbí, Àjọ Ìkànìyàn lẹ máa lọ bá.

Ẹ má sọ ọ́ di ilé-ìwé aládàáni o. Bí ẹ bá sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ yìí ni yóò kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀.

Mọkálíìkì Sabon Gari, Kano

Ẹ̀gbọ́n ará Kaduna sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀, torí pé irú kíláàsì yìí ló kọ́ mi ní ìwé.

Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ mi. Mò ń kọ́ṣẹ́ mọkálíìkì nígbà náà. Bọ̀dá kan máa ń wá sí gáréèjì wa lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n ní ìjọba ló ń fún un ní owó díẹ̀. Orúkọ àwọn irinṣẹ́ la fi ń kọ́ lẹ́tà. Oṣù méje ló wá. Lẹ́yìn náà owó ò wọlé mọ́, kò bínú, kò pariwo, ó kàn wá di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó wá di pé kò wá mọ́. A jẹ́ ọmọ mẹ́rìnlá. Àwa mẹ́ta péré la ti mọ ìwé kà kó tó lọ. Àwọn mọ́kànlá yòókù, mo ṣì mọ díẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kan lára wọn máa ń gbé ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ wá fún mi títí di òní pé kí n bá òun kà á.

Torí náà, tíṣà ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ tó ro ilẹ̀, kí ẹ sì tó ro ìwé. ₦25,000 yẹn, ọwọ́ yín nìkan ló ti ń jáde. Bí àìsàn bá dá yín dùbúlẹ̀ ní oṣù méjì ńkọ́? Kí àwọn òbí máa mú nǹkan wá, bó ṣe ₦50 lọ́sẹ̀. Kì í ṣe owó ilé-ìwé. Ẹni tó bá ti fi owó rẹ̀ sí nǹkan, á béèrè bí nǹkan náà ṣe ń lọ. Ká ní àwa ọmọṣẹ́ dá ₦20 ₦20 nígbà náà, bọ̀dá yẹn ì bá má lọ. A ò mọ̀ pé ó yẹ ká dá a ni.

Ìyá Aránṣọ, Dutse Alhaji

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ẹ̀yin méjèèjì. Àbúrò mi ní Kano, ẹ̀rù ₦50 yìí ń bà mí. Ìyá kan wà níbí tó bí mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tí kò bá ní in lọ́wọ́, ojú á tì í, á sì dá wọn dúró sílé. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ní kí wọ́n ra pẹ́ńsù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àìsàn tí ẹ sọ yẹn, mi ò rò ó rí, kò sì jẹ́ kí n sùn lánàá.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Maiduguri

Ẹ ǹlẹ́ o, Ìyá wa. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá àwọn àjọ kan ṣiṣẹ́ níhìn-ín, kíláàsì oṣù mẹ́sàn-án fún àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí nípa ọ̀rọ̀ fífẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni kíláàsì fi ń fẹ̀. Ó lè sanra, ó sì lè bímọ. Èyí tó bímọ ni mo rí tó dúró.

Ẹ wo Bangladesh. BRAC, àjọ kan níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1985 pẹ̀lú kíláàsì 22. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan jẹ́ yàrá kan, ọmọ bí 30, tíṣà kan. Obìnrin abúlé náà ni tíṣà, ẹni tó ti lo bí ọdún mẹ́wàá nílé-ìwé. Wọ́n á kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, lẹ́yìn náà wọ́n á máa pè é lóṣooṣù láti tún un kọ́. Wákàtí bíi mẹ́ta lójúmọ́ ni, àkókò tí àwọn òbí bá fẹnu kò sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà jẹ́ ọmọbìnrin. Tíṣà kan náà ló ń bá ọmọ kan náà lọ láti ọdún dé ọdún. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi ń parí, kíláàsì wọn ti lé ní 30,000, yàrá kọ̀ọ̀kan ṣì jẹ́ ọmọ bí 30. Wọn ò jẹ́ kí ọ̀kan di ńlá. Bí ọ̀kan bá kún, wọ́n á ṣí òmíràn ní ìtòsí àwọn tí kò ráyè.

Nítòsí wa, ní àríwá Ghana, School for Life bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ 25, èdè abínibí wọn, ọ̀sán lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Nígbà ìkórè, wọn kì í fagídí. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ ń wọ ilé-ìwé ìjọba, ọ̀pọ̀ wọn ní Primary 4, torí pé àwọn àti ìjọba ti jọ fẹnu kò sí i kí ọmọ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn gan-an ni ẹ ò ní ní Dutse. Ẹ ti kọ́ ọmọ dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó wà nínú ilé tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ kó ṣe yín ni èyí tó ṣe wá. Owó wa láti òkè òkun ni. Pátákó àmì ga, ẹ̀ni tuntun, àpò ìkówèé aláwọ̀ búlúù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí owó náà dúró, láàárín oṣù kan, kíláàsì mẹ́wàá di ibùsùn ewúrẹ́. Ọ̀kan péré ló kù. Èyí tó kù yẹn, ìyàwó lawan, ìyẹn baálẹ̀ àdúgbò, ló ń kọ́ wọn, àwọn ìyá ló sì ń gbé ìrẹsì àti epo wá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé a sọ fún wọn. Nítorí náà, mo gba ti mọkálíìkì, àmọ́ kí ó má jẹ́ owó dandan. Kí ẹni tó ní máa mú wá, kí ẹni tí kò ní wá gbá ilẹ̀.

Tíṣà Àgbà, Minna

Mo ti lé ní ọdún 70, ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ́ bí ìyá ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Mo wà ní Primary nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. January 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti dàgbà jù nígbà náà, kò rí i lò. Títí ó fi kú, ìka ló fi ń tẹ̀wé. Kò sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní abúlé wa. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ irú ọmọbìnrin oníkunu yìí.

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo fẹ́ sọ. O ṣe dáadáa tí ẹ fi Hausa bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ni gbogbo wọn jọ ń sọ ní ọjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's A ní Modákẹ́kẹ́: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ má kánjú.

Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò Primary 4 yóò jẹ́. Ọmọ tó ń ka Hausa geere lè dákẹ́ níwájú ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n á sì sọ pé kò mọ nǹkan. Oṣù mẹ́ta kí o tó tún mú ọmọ lọ, jẹ́ kí ó máa gbọ́ ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́: kí ni orúkọ rẹ, ka èyí, ṣírò èyí. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni ó ń kọ́ níbẹ̀.

Àti pé, ọmọ mi, lọ wá ọmọbìnrin yẹn. Má dúró títí yóò fi wá.

Ìyá Aránṣọ, Dutse Alhaji

Mo padà wá jábọ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ ìyá wa ní Minna ni mo lọ. Ilé wọn kò ju yàrá kan lọ, ọlọ ń dún, ìyá rẹ̀ ń lọ géró ti ọjọ́ kejì. Ọmọ náà wọlé lọ nígbà tó rí mi. Èmi àti ìyá rẹ̀ jọ sọ̀rọ̀ títí. Ó ní owó kunu ni owó ilé, òun ò lè jẹ́ kó fi àárọ̀ sílẹ̀. Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní kó fi àárọ̀ sílẹ̀, aago mẹ́rin la ṣì ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dìde, ọmọ náà yọjú, ìbéèrè kan ló bi mí: ṣé ọ̀gá ilé-ìwé yẹn á wà níbẹ̀? Mo ní rárá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wà lórí bẹ́ǹṣì kí aago mẹ́rin tó lù.

Mo tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ará Kaduna. A ti forúkọ sílẹ̀. Èmi, tíṣà wa àti mállàm la jọ lọ sọ́dọ̀ Akọ̀wé Ẹ̀kọ́. Mállàm ló sọ̀rọ̀ jù lọ níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀ ju tèmi lọ. A wá alága SBMC ilé-ìwé mìíràn rí, oníbàárà mi ni, mo ti ń rán aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ láìmọ ipò tó wà. Wọ́n fún àwọn ọmọ méjèèjì ní ìdánwò: ìwé kíkà kan àti ìṣirò 20. Ọmọkùnrin yẹn wọ Primary 4. Ó ti ń lọ láàárọ̀, ó sì ṣì ń wá sọ́dọ̀ wa nírọ̀lẹ́ nítorí pé kò fẹ́ pàdánù téèpù.

Ọmọbìnrin yẹn gba 17 nínú ìṣirò 20, ju ọmọkùnrin lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló dá a dúró, ahọ́n rẹ̀ ń wúwo. Wọ́n ní kó lọ sí Primary 3. Yóò ti tó ọmọ ọdún 13. Ó wo àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì náà láti ojú fèrèsé, ó ní òun ò lọ. Mi ò fi ipá mú un. Ìpele kejì ti ètò ọlọ́dún mẹ́ta yẹn ló wà báyìí lọ́dọ̀ wa, a ti ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé rẹ̀. Òun ló sì ń fi téèpù kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ó le koko mọ́ wọn ju èmi lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alàgbà, mo sì sọ fún un pé mi ò ní lè sọ ọ́ di ilé-ìwé aládàáni. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí, ó ní kí ni kíláàsì kejì máa ná wa. Ó ní ilé kan ní Mpape, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ó sì ti yọ̀ǹda ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ fún wa. Obìnrin kan tó ń gbé àdúgbò náà, tó ti parí ilé-ìwé gíga, ló máa kọ́ wọn. Ó ń wá sí Dutse lójoojúmọ́ báyìí láti wo bí a ṣe ń ṣe é. 30 ni a fi òpin sí, níbí àti níbẹ̀. Mọ́kànlá nínú àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láti apá ibẹ̀ á kọjá sí Mpape.

Ní ti owó, àwọn ìyá ló ń dá a, ₦100 lọ́sẹ̀ fún ẹni tó bá ní. Ọ̀kan nínú wọn ló mú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin yẹn ni. Mi ò rí ẹni tó ní, mi ò rí ẹni tí kò ní, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó ń tó bí ìdá mẹ́ta owó tíṣà. Ẹgbẹ́ aránṣọ wa ti gbà láti san oṣù kan nínú mẹ́ta. Ìyókù ṣì wà lọ́rùn mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣàìsàn báyìí, kíláàsì ò ní dúró.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ ní Mpape. Bẹ́ǹṣì wà, ẹfun wà, téèpù márùn-ún ti wà. Pátákó ìkọ̀wé ni kò tíì sí. Ẹni tó bá ní èyí tí kò lò mọ́ ní àgbègbè Mpape, Maitama tàbí Kubwa, kó jọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi níbí, gbẹ́nàgbẹ́nà wa ti ní òun á lọ gbé e.